ÌTÀN Ọ̀NÀ ÒKÈ MADDALENA: ÀÀLÀ, KẸ̀KẸ́ ÀTI IBÀ

Ọ̀rọ̀ òkè ni a fẹ́ sọ, a sì mọ̀ dájú pé kò sí òkè kankan ní àdúgbò yìí. Etí ọ̀sà ni a wà. Ilẹ̀ wa tẹ́jú, omi sì sún mọ́ wa; ọkọ̀ àti àwọ̀n ni àwọn baba tí ó ti etí òkun wá tẹ̀dó síhìn-ín fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni ó kàn wá nínú ọ̀nà kan tí ó wà lórí òkè, ní ààlà ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Ítálì, níbi tí àwọn eléré ti ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje? Ìdáhùn rẹ̀ ni èyí: ọkùnrin tí ó gba ògo tí ó tóbi jù lọ ní ojú ọ̀nà náà, ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa yìí ni ó ti kó àìsàn tí ó pa á. Àìsàn náà sì ni ibà, èyí tí kò sí ìyá ọlọ́mọ kan ní Ìlàjẹ tí kò mọ̀ ọ́n.

A ó rí i nínú ìtàn yìí pé ohun púpọ̀ ni ń kọjá ní ààlà: ogun ń kọjá, ẹrù ń kọjá, eléré ń kọjá, àìsàn pẹ̀lú ń kọjá. Ohun kan ṣoṣo ni ó dé ẹnu ibodè ní ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ jù lọ, tí a kò sì jẹ́ kí ó wọlé. Ohun náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó mọ̀.

I. IBODÈ LÁÀRIN ÒKÈ

Àwọn òkè Alps dà bí odi ńlá láàrin Ítálì àti Faransé. Wọ́n ga tó bẹ́ẹ̀ tí yìnyín fi ń bo orí wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Kò sí oníṣòwò tí ó lè gbé ẹrù gba téńté wọn kọjá. Ṣùgbọ́n níbi tí òkè méjì bá ti pàdé, ilẹ̀ a máa rẹlẹ̀ díẹ̀ láàrin wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yìn ẹṣin ti rẹlẹ̀ láàrin ọrùn àti ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni èrò ń gbà kọjá, ibẹ̀ náà ni a sì ń pè ní ọ̀nà òkè.

Ọ̀kan nínú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni Maddalena. Àwọn ará Ítálì ń pè é ní Colle della Maddalena. Àwọn ará Faransé ń pè é ní Col de Larche, nítorí abúlé Larche tí ó wà ní ìhà tiwọn. Gíga rẹ̀ láti ojú òkun jẹ́ 1,996 mítà. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè rí, tí ó sì ti mí gúlegúle kí ó tó dé òkè, kí ó mọ̀ pé gíga Ìdànrè kò ju nǹkan bí ìdajì ti Maddalena lọ. Ní ìhà Ítálì, odò Stura ń ṣàn lọ sí ìlú Cuneo. Ní ìhà Faransé, omi ń ṣàn lọ sí àfonífojì Ubaye, níbi tí ìlú Barcelonnette wà.

Àwọn baba wa mọ ohun tí ibodè jẹ́. Ìlú wọn ní odi, odi ní ibodè, oníbodè a sì jókòó síbẹ̀ láti wo ẹni tí ń wọlé àti ẹni tí ń jáde, àti láti gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò. Ẹni tí ó bá di ibodè mú ni ó di ìlú mú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà òkè rí láàrin àwọn ọba Yúróòpù. Ní ọdún 1515, Ọba Francis Kìíní ti Faransé fẹ́ kó ogun wọ Ítálì. Àwọn ọmọ ogun Switzerland ti lọ lúgọ dè é ní àwọn ọ̀nà òkè tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ọba kò gba ibẹ̀. Ó gba ọ̀nà Larche yìí, tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ogun lè gbà. Àwọn ènìyàn rẹ̀ fọ́ àpáta, wọ́n sì fa àwọn àgbá ìbọn ńlá kọjá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni ó ṣẹ́gun ní Marignano, tí ìlú Milan fi bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọ̀nà yìí ti jẹ́ ààlà. Àfonífojì Ubaye wà lábẹ́ ọba Savoy títí di ọdún 1713, nígbà tí àdéhùn Utrecht fi í fún Faransé. Láti ìgbà náà ni ààlà ti wà lórí òkè, níbi tí omi ti ń pínyà. Kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí wa. Ní ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ọwọ́ sí ìwé kan tí ó la ilẹ̀ Yorùbá, tí Kétu fi bọ́ sí ìhà Faransé tí Èkó àti Abẹ́òkúta sì wà ní ìhà Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí òkè láàrin wọn. Ìlà orí ìwé ni. Síbẹ̀ ìlà náà sọ ọmọ ìyá kan náà di ará ilẹ̀ méjì.

II. ỌMỌ TÍ Ń FI KẸ̀KẸ́ GBÉ ẸRAN

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1919 ni a bí Fausto Coppi ní Castellania, abúlé kékeré kan ní ìhà àríwá Ítálì. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí ó ń dàgbà, wọ́n rán an lọ sí ọ̀dọ̀ alápatà kan ní ìlú Novi Ligure. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi kẹ̀kẹ́ gbé ẹran lọ fún àwọn oníbàárà ní ojúlé wọn. Ẹ̀yin tí ẹ rí àwọn ọmọkùnrin tí ń gbé búrẹ́dì tàbí omi káàkiri àdúgbò lórí kẹ̀kẹ́ kò ní ṣàì mọ irú ọmọ tí a ń sọ. Ẹsẹ̀ tí ó gun òkè fún alápatà ni ó wá gun òkè fún ògo.

Ní Ítálì, eré kẹ̀kẹ́ tí ó tóbi jù lọ ni Giro d'Italia, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1909. Ní Faransé, Tour de France ni, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1903. Kì í ṣe eré ọjọ́ kan. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń sá a yí ilẹ̀ náà ká, láti ìlú dé ìlú. A ó sì ka wákàtí àti ìṣẹ́jú tí olúkúlùkù lò lójoojúmọ́ pọ̀. Ẹni tí àpapọ̀ tirẹ̀ bá kéré jù lọ ni ó borí.

Ó yẹ kí a mọ àṣírí kan nínú eré yìí. Ní ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá eléré. Ẹni tí ó wà níwájú ni ó ń la afẹ́fẹ́. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń sinmi ní òjìji rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn eléré fi ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹyẹ lékeléke. Ẹni tí ó bá dá rìn ti gba ìyà gbogbo àwùjọ sí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá dé orí òkè, ìrìn a lọ́ra, òjìji ẹlòmíràn kò sì tún fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́. Níbẹ̀ ni olúkúlùkù ń gbé ara rẹ̀. Òkè ni ó ń yẹ eléré wò, tí ó ń sọ ẹni tí ó jẹ́.

Coppi kò tí ì pé ọmọ ọdún 21 nígbà tí ó borí nínú Giro d'Italia ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 1940. Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ní ọjọ́ kejì gan-an, ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, Ítálì kéde ogun sí Faransé. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì gun àwọn ọ̀nà òkè wọ̀nyí, Maddalena pẹ̀lú, láti bá ará ilẹ̀ kejì jà nínú òtútù àti yìnyín. A sọ eléré náà di ọmọ ogun. Ní ọdún 1942 ó rí àyè láti fi ìdí àkọsílẹ̀ tuntun múlẹ̀ ní Milan, nígbà tí ó gun kẹ̀kẹ́ ju kìlómítà 45 lọ nínú wákàtí kan; ṣùgbọ́n ní ọdún 1943 àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú un lẹ́rú ogun ní Tunisia. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà nìyẹn.

III. ỌJỌ́ 10 OṢÙ KẸFÀ ỌDÚN 1949

Ogun parí, eré sì padà. Ní àkókò náà, ìlú Ítálì pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́. Apá kan ń tẹ̀lé Coppi. Apá kejì ń tẹ̀lé Gino Bartali, ọkùnrin àgbà tí ó ti borí nínú Tour de France ní ọdún 1938, tí ó sì tún borí ní ọdún 1948, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá gbáko. Bartali yìí jẹ́ akíkanjú ní ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú: nígbà ogun, ó ń fi ìwé tí yóò gba ẹ̀mí àwọn Júù là pamọ́ sínú irin kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ń gbé e kọjá lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun bí ẹni tí ń ṣe ìdárayá. Kò fi í yangàn títí ó fi kú.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1949, ọdún mẹ́sàn-án géérégé lẹ́yìn tí a kéde ogun, àwọn eléré Giro gbéra láti Cuneo lọ sí Pinerolo. Kìlómítà 254 ni ìrìn náà, òkè márùn-ún ni ó sì wà ní ojú ọ̀nà: Maddalena, Vars, Izoard, Montgenèvre àti Sestriere. Wọn yóò jáde kúrò ní Ítálì ní Maddalena, wọn yóò rìn ní ilẹ̀ Faransé, wọn yóò sì gba Montgenèvre padà sí ilé.

Òkè kìíní ni wọ́n ń gùn, tí àárẹ̀ kò tí ì mú ẹnikẹ́ni, nígbà tí Coppi gbéra sọ, tí ó sì fi gbogbo wọn sílẹ̀. Lójú ọlọ́gbọ́n, ìwà òmùgọ̀ ni. Kìlómítà 192 ni ó kù. Ẹ jẹ́ kí a fi ilé wé e: bí ẹni tí ó dá gun kẹ̀kẹ́ láti Èkó dé Ìbàdàn, tí ó tún yí padà, tí ó sì rìn tó ìdajì ọ̀nà kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, àfi pé òkè mẹ́rin tún wà níwájú rẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn, Izoard, ga ju 2,300 mítà lọ. Ó dá kọjá ààlà lórí Maddalena. Ó dá gun Vars. Ó dá gun Izoard. Bartali, ọkùnrin líle nì, ń lé e láti ẹ̀yìn, kò sì bá a. Nígbà tí Coppi dé Pinerolo, ó ti lo ju wákàtí mẹ́sàn-án lọ lórí kẹ̀kẹ́. Ìṣẹ́jú 11 àti ìṣẹ́jú-àáyá 52 kọjá kí Bartali tó dé. Ẹni kẹta tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 19 lẹ́yìn.

Coppi ni ó borí nínú Giro ọdún náà, òun náà ni ó sì borí nínú Tour de France ní oṣù tí ó tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tí ó ti gba méjèèjì pọ̀ nínú ọdún kan rí ṣáájú rẹ̀. Wọ́n tún sá eré Cuneo sí Pinerolo ní ọdún 1964 àti 1982, àwọn mìíràn sì borí, ṣùgbọ́n orúkọ Coppi ni ó lẹ̀ mọ́ ọ̀nà náà. Níbi tí ìbọn ti dún ní ọdún 1940, ọmọ Ítálì gba ibẹ̀ wọ Faransé láìmú ohun ìjà lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí ó dí i lọ́nà. Èyí ni ohun tí ó dára jù lọ tí a lè fi ààlà ṣe.

IV. ÌRÌN-ÀJÒ SÍ OUAGADOUGOU

Ọdún mẹ́wàá kọjá. Coppi ti di ọmọ 40 ọdún, agbára rẹ̀ sì ti ń dínkù, ṣùgbọ́n òkìkí rẹ̀ kò dínkù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1959, ilẹ̀ Upper Volta, tí ó wà ní àríwá Ghana, ń ṣe àjọ̀dún ọdún kan tí ó di orílẹ̀-èdè olómìnira lábẹ́ àgbájọ Faransé. Ààrẹ wọn, Maurice Yaméogo, ránṣẹ́ pe àwọn àgbà eléré kẹ̀kẹ́ láti Yúróòpù: Coppi, Jacques Anquetil, Louison Bobet, Raphaël Géminiani, Roger Hassenforder àti Henry Anglade. Wọ́n bá àwọn ọmọ ilẹ̀ náà sáré ní Ouagadougou ní ọjọ́ 13 oṣù náà, lẹ́yìn èyí wọ́n sì lọ ṣọdẹ nínú igbó. Ilẹ̀ yìí ni a ń pè ní Burkina Faso láti ọdún 1984.

Coppi àti Géminiani sùn sínú yàrá kan náà. Ẹ̀fọn pọ̀ níbẹ̀. Géminiani sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ẹ̀fọn kò jẹ́ kí àwọn gbádùn oorun. Ta ni nínú wa tí kò mọ irú òru bẹ́ẹ̀? Ọkùnrin méjì, yàrá kan, ẹ̀fọn kan náà: ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sí ilé. Oníbodè yẹ ìwé ìrìnnà wọn wò, ó sì yẹ ẹrù wọn wò. Kò sí oníbodè tí ó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wò láti ojú. Kòkòrò ibà, nígbà tí ẹ̀fọn bá ti tọ́ ọ sí ara, a kọ́kọ́ sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ara ẹni a sì yá gágá. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ó ń jáde wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó kó o ní Ouagadougou lè dé Ítálì kí ara rẹ̀ tó gbóná.

V. ENI MÉJÌ, ÀÌSÀN KAN

Kí oṣù Kejìlá náà tó parí, àwọn méjèèjì ti dùbúlẹ̀, Géminiani ní Faransé, Coppi ní Ítálì. Àìsàn Géminiani le tó bẹ́ẹ̀ tí kò mọ ibi tí ó wà mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí kòkòrò ibà tí ó burú jù lọ nínú rẹ̀. Wọ́n fún un ní kuníìnì, ó sì yè.

Ní Ítálì, àwọn tí ń tọ́jú Coppi rò pé àìsàn àyà àti èdọ̀fóró ni. Oògùn èyí ni wọ́n ń fún un. Gẹ́gẹ́ bí Géminiani ti ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ránṣẹ́ láti Faransé sí Ítálì pé ibà ni ó ń ṣe àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ náà dé, ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn tí ó gbọ́ ọ kò kà á sí. Wọ́n ní kí àwọn ti ọ̀hún máa tọ́jú ẹni tiwọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 1960, Fausto Coppi kú ní ilé ìwòsàn ní ìlú Tortona. Oògùn tí ìbá wò ó sàn kò ṣọ̀wọ́n, kò sì wọ́n.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí. Àgbá ìbọn ọba ti kọjá láàrin òkè Alps. Ọmọ ogun ti kọjá. Coppi fúnra rẹ̀ dá kọjá lórí kẹ̀kẹ́ nínú wákàtí díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan tí ó wí pé “ibà ni” dé ibodè, oníbodè sì dá a padà. Àwọn àgbà wa ní, “Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.” Wọ́n tún ní, “Abèèrè kì í ṣìnà.”

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí dunni jù ni pé kò sí ilẹ̀ Yúróòpù tí ibà yẹ kí ó yé ju Ítálì lọ. Èdè Ítálì ni orúkọ náà “malaria” ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ búburú, nítorí àwọn ará àtijọ́ rò pé òórùn irà ni ó ń fa ibà. Lẹ́yìn tí Ronald Ross ti rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1897, ọmọ Ítálì kan, Giovanni Battista Grassi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó fi hàn ní ọdún 1898 pé ẹ̀fọn Anopheles ni ó ń gbé ibà ènìyàn kiri. Láti nǹkan bí ọdún 1900, ìjọba Ítálì ń ta kuníìnì ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn àgbẹ̀. Wọ́n fa omi irà gbẹ, wọ́n fi oògùn pa ẹ̀fọn lẹ́yìn ogun, ibà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní ilẹ̀ wọn ní àkókò tí Coppi kú. Ní ọdún 1970 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán pátápátá. Bí àìsàn náà ti ń lọ ni ìrántí rẹ̀ ń bá a lọ. Ojú tí kò rí ohun kan mọ́, kì í pẹ́ tí ó fi ń gbàgbé bí ó ti rí.

VI. Ọ̀RỌ̀ MÁJÈLÉ

Ìbànújẹ́ kì í fẹ́ gbà pé ohun kékeré ni ó pa ẹni ńlá. Ní ọdún 2002, ìròyìn kan jáde ní Ítálì pé ibà kọ́ ni ó pa Coppi. Pé ní Áfíríkà ni wọ́n ti fún un ní májèlé láti gbẹ̀san ikú eléré kẹ̀kẹ́ kan tí ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní Tortona wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọn kò rí ẹ̀rí kankan tí ó gbè é lẹ́sẹ̀, wọ́n sì pa ìwé rẹ̀ dé.

Kí a má ṣe yára fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣé àwa náà kì í wí bẹ́ẹ̀? Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ti ìrìn-àjò dé ní òní, tí ó ṣàìsàn ní ọ̀la, tí ó sì kú ní ọ̀tunla, a ó ní ayé ni ó pa á, a ó sì máa wo ìyàwó baba rẹ̀ ní àwòkọ́. Ará Ítálì wo òkèèrè, àwa a máa wo ilé. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni a jọ ń ṣe. A ń wá ọ̀tá tí ó ní orúkọ, nígbà tí ó jẹ́ pé kòkòrò tí kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ibi tí a bá ti ń wá apani kiri, a kì í wá ẹni tí ó yẹ kí ó béèrè, tí kò sì béèrè.

VII. OHUN TÍ Ó KAN ÌLÀJẸ

Ní Èkó wa níhìn-ín, Sir William MacGregor, tí ó jẹ́ gómìnà láti ọdún 1899 títí di 1904, tí òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ oníṣègùn, mú kí a fa omi irà gbẹ ní erékùṣù Èkó. Orúkọ rẹ̀ ni a fi pe odò tí a là láàrin Èkó àti Ìkòyí. Ó mú kí a pín kuníìnì, ó sì mú kí a máa kọ́ àwọn ènìyàn nípa ẹ̀fọn àti ibà. Láti ìgbà náà ni a ti mọ òtítọ́ náà ní ìlú yìí. Síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú gbogbo ẹni tí ibà ń mú ní ayé, ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin tí ó jẹ́ ará Nàìjíríà.

Ọ̀nà méjì ni ìtàn Coppi gbà kàn wá. Èkíní jẹ́ ti àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Ẹni tí a bí sí àárín ibà, tí ó sì là á já ní ìgbà èwe, ara rẹ̀ a máa kọ́ bí a ti ń bá a jà, bí kò tilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Bí ó bá lọ gbé òkèèrè fún ọdún mélòó kan, ara a gbàgbé ẹ̀kọ́ náà. Àwọn ọmọ tí ó bí sí ọ̀hún kò tilẹ̀ kọ́ ọ rí. Oṣù Kejìlá ni wọ́n ń wá sílé ṣe ọdún, gẹ́gẹ́ bí Coppi ti wá. Oṣù Kìíní ni wọ́n ń padà, gẹ́gẹ́ bí ó ti padà. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá ń di gààrí àti ẹja gbígbẹ fún wọn, ẹ di ọ̀rọ̀ kan mọ́ ọn: bí ara bá gbóná lẹ́yìn tí ẹ dé ọ̀hún, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí wọn yóò bi yín. Ẹ sọ fún oníṣègùn pé Èkó ni ẹ ti ń bọ̀, kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún ibà ní ọjọ́ náà gan-an.

Èkejì jẹ́ ti àwa tí a wà nílé. Àṣìṣe tiwa lòdì sí ti àwọn ará Ítálì, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwọn kò rò pé ó lè jẹ́ ibà; àwa kò rò pé ó lè jẹ́ ohun mìíràn. Kí ara ọmọ gbóná báyìí, a ti dé ọ̀dọ̀ olóògùn ní ẹ̀bá ọ̀nà, a ti ra oògùn ibà, a kò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Nígbà mìíràn ibà ni, nígbà mìíràn àìsàn àyà ni, irú èyí tí wọ́n rò pé ó ń ṣe Coppi. Ẹni tí ó mọ ìdáhùn kí ó tó béèrè, yálà ní Tortona tàbí ní Bàrígà, ìbéèrè ni ó fi du aláìsàn.

VIII. ÌPARÍ

Géminiani, ẹni tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kú ní oṣù Keje ọdún 2024, ní ẹni ọdún 99. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ó lé díẹ̀ ni ó fi gbé ayé lẹ́yìn ẹnìkejì rẹ̀. Iye yìí ni ó wà láàrin ẹni tí a bi ní ìbéèrè àti ẹni tí a kò bi.

Ní oṣù kan náà, ní ọjọ́ kìíní rẹ̀, Tour de France gba ilẹ̀ Ítálì kọjá. Ìrìn ọjọ́ náà gba Tortona, ìlú tí Coppi kú sí, ó sì parí ní Turin. Ẹni tí ó borí ni Biniam Girmay, ọmọ ilẹ̀ Eritrea; òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tí ó borí ní ọjọ́ kan nínú eré náà láti ọdún 1903. Ní ọjọ́ kejì wọ́n gbéra láti Pinerolo, wọ́n sì gba Sestriere àti Montgenèvre wọ Faransé: ọ̀nà tí Coppi gbà dé ilé ní ọdún 1949 ni wọ́n gbà jáde. Ní Burkina Faso pẹ̀lú, eré kẹ̀kẹ́ kò kú. Láti ọdún 1987 ni wọ́n ti dá Tour du Faso sílẹ̀, tí àwọn eléré láti ilẹ̀ púpọ̀ sì ti ń wá sí i.

Ààlà yóò máa wà, oníbodè yóò sì máa jókòó sí i. Àìsàn kì í tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí ìmọ̀ pẹ̀lú má ṣe tọrọ. Ẹni tí ó bá mọ̀, kí ó wí. Ẹni tí kò bá mọ̀, kí ó béèrè. Ẹni tí a bá sì ránṣẹ́ sí láti òdìkejì òkè, kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà parí kí ó tó dáhùn.